Òjò ń rọ̀, òkè ń bẹ níwájú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi àtìyàwó mi fẹ́ wakọ̀ láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì lóṣù kẹsàn-án, a fẹ́ yà sí Ìkògòsì. Wọ́n ní òjò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ṣé ká lọ? Ọmọ Ìjẹ̀bú.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ jàre! Àmọ́ ẹ tètè jí. Tẹ́ ẹ bá ti yà ní Ìwàrajà báyìí, òkè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ tó dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè kùrukùru lè ti bo títì pátápátá, ẹ má tan fúù láìtì o, ojú awakọ̀ ló máa ń ta padà sí, èyí tó ń wolẹ̀ ni kẹ́ ẹ tàn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì ni, torí bíréèkì téèyàn ń tẹ̀ ṣáá máa ń gbóná, ẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn bíi rọ́bà tó ń jó. Ó ṣe mí rí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyàwó mi ń jẹ àgbàdo sísè ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ kàn án! Ní Ìkògòsì, ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ wá ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti pàdé omi tútù, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú súẹ́tà dání o.