Pè é ní èèwọ̀

Àbúrò mi, o ní dókítà ní London ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé coeliac, àìsàn tí gluten inú oúnjẹ fi ń ba ìfun jẹ́, ló ń ṣe ọ́, pé o sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ n'Íbàdàn fún ọ̀sẹ̀ 3 nínú oṣù Kejìlá, o wá ń bèèrè bóyá kí o di oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí. Má wulẹ̀ dì í. Inú àlìkámà, ọkà báálì àti rye (ọkà ilẹ̀ òyìnbó kan) ni gluten, èròjà tí ara wa ò gbà, wà. Kò sí nínú iṣu, kò sí nínú ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì tàbí ẹ̀wà. Iyán, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, dòdò, tìrẹ ni gbogbo wọn. (Àmàlà ńkọ́? Mò ń bọ̀ níbẹ̀.) Ọmọorógùn, epo dídín, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹnu àwọn ará ilé ni yóò dà ọ́ láàmú.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe èmi, mo ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ó fi sú mi. Inú mi á wú bíi ti aboyún, ìgbẹ́ gbuuru ò dá, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára mi, gbogbo èèyàn sì ní mo fẹ́ràn ohun dídùn jù. Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà gba ọ̀fun mi wọlé ní Manchester, tí wọ́n sì já díẹ̀ lára ìfun kékeré lọ yẹ̀ wò, lọ̀rọ̀ tó yé wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sílé lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣàlàyé títí. Mo ní tí gluten bá ti dénú mi, ara mi á máa bá ìfun ara rẹ̀ jà. Àǹtí mi àgbà fetí sílẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní àìsàn òyìnbó nìyẹn, wọ́n sì gbé sẹ̀mó, tí àlìkámà wà nínú rẹ̀, ka iwájú mi. "Jẹ díẹ̀, díẹ̀ ò lè pa ọ́." Wọn ò ṣèkà o. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni kò bá wọn mu.

Níwájú ìyá olóúnjẹ kan ní Mọ́kọ́lá ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ó ti rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, mi ò lágbára àlàyé mọ́. Mo ní, "Ìyá, fúláwà, sẹ̀mó, wíìtì, búrẹ́dì, èèwọ̀ mi ni wọ́n. Mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án." Ìyá náà gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọorógùn tí mo fi ro sẹ̀mó ńkọ́, ṣé mo lè fi ro ẹ̀bà tìẹ?" Èmi gan-an ò tíì ronú débẹ̀! Wọ́n mú òmíràn. Ta ni ò mọ èèwọ̀ láàárín wa? Ẹni tó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó kàn tọ́ ọ wò. Irọ́ kọ́ ni o ń pa, èèwọ̀ ara rẹ ni lóòótọ́. Má sọ "gluten" létí olóúnjẹ rárá, dárúkọ nǹkan tí wọ́n mọ̀: fúláwà, sẹ̀mó, wíìtì, búrẹ́dì, núdù, mọ́ọ̀tì.

Ó dáa, àmàlà. Ọdún kejì, mo ra gbódò fúnra mi ní Bódìjà, mo ṣà á níkọ̀ọ̀kan, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Obìnrin kan wà níwájú mi, a jọ ń tàkúrọ̀sọ. Ó ní bàbá òun ní ìtọ̀ ṣúgà, dókítà sì ní kí wọ́n máa jẹ wíìtì, ìyẹn lòun wá lọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run wò wọ́n sàn. Ó kó tirẹ̀, mo da tèmi sẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ tí wọ́n so mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tú u jáde, mo sì ń wò ó! Aago 2 òru ni mo tó rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, inú ilé ìyàgbẹ́ ni mo wà. Nílùú òyìnbó, oúnjẹ tí wọ́n bá kọ "gluten-free" (kò sí gluten) sí lára ò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù gluten 20 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn á jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà, àyàfi èlùbọ́ tí mo bá mọ ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyán inú odó, ó parí.

Àkàrà náà, ẹ̀wà lásán ni, ṣùgbọ́n wo àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí o bá rí puff-puff tàbí bọ́ọ̀nsì níbẹ̀, epo kan náà ni wọ́n fi dín gbogbo wọn, rọra máa lọ. Dùndún àti dòdò bẹ́ẹ̀ náà. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni tèmi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ẹ̀kọ tútù tí mo bá tú ewé rẹ̀ fúnra mi.

Máàgì, orúkọ yòówù kó máa jẹ́, ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀, torí àlìkámà wà nínú òmíràn. Nọ́ńbà NAFDAC ò sọ pé kò sí nínú rẹ̀ o. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n á gbé fún ọ ní gbogbo ilé tí o bá wọ̀, ọkà báálì sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ní ti bàálù, bèèrè oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní GFML, ìyẹn oúnjẹ tí kò ní gluten, ó kéré tán ọjọ́ 2 ṣáájú. Síbẹ̀ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà dání. Wọ́n ti gbé tèmi wá rí pẹ̀lú búrẹ́dì gidi lórí rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà sì ní kí n kàn yọ ọ́ kúrò.

Òde àríyá: jẹun yó nílé kí o tó wọ aṣọ ẹbí. Mi ò ní ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp kí n tó wọ bàálù kẹ́yìn nìyí, o lè lò ó: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra ọmọorógùn tuntun 1, ìkòkò kékeré 1 àti asẹ́ 1. Kí ẹnikẹ́ni má fi ro sẹ̀mó. Èèwọ̀ mi ni." Kò pẹ́ tí wọ́n fi fèsì: "Mo ti rà á. Mo fi ọ̀dà pupa kun ìdí ọmọorógùn náà, mo sì ti pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé."