Oníláìtì fún bándì wa: níbo la ti máa rí i, báwo la ṣe máa sanwó ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi ni mò ń darí bándì jùjú kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ò ju méje lọ, òde ìnáwó la sábà máa ń ṣe. Ní báyìí wọ́n ti pè wá sí ijó alẹ́ kan nínú họ́ọ̀lù ńlá, ẹni tó pè wá sì ní òun fẹ́ láìtì tó máa jẹ́ kí fídíò dáa. A ní oní-sáúǹdì, a ò ní oníláìtì. Ọmọkùnrin kan ní ká san gbogbo owó kóun tó dìde nílé, èkejì ní ká ṣáà jẹ́ kóun bá wa pín nínú owó tí wọ́n bá ná wa. Ta ni ká mú, abí ibòmíì wà tá a ti lè rí ẹni gidi? (Adarí bándì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Adarí wa, ẹ kú ìmúra òde. Ẹ má gba ìkankan nínú àdéhùn méjèèjì yẹn jàre. Ẹni tó ti gba gbogbo owó tán, tí ò bá wá lálẹ́ ọjọ́ náà, kí lẹ fẹ́ fi dè é? Ti owó níná yẹn ló tiẹ̀ burú jù, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tó máa wọlé, ká má tíì wá sọ pé òfin CBN ti 2007, abala 21, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn máa ná náírà síni lórí tàbí kó máa jó lórí ẹ̀, EFCC sì ti ń torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sí kóòtù. Ẹni tó gun àkàbà lọ so iná mókè, owó iṣẹ́ ẹ̀ ò yẹ kó dúró de ìgbà táwọn àlejò bá lawọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ ya owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó háyà irinṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oníláìtì ni ò ní iná tiwọn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti ń háyà, tẹ́ ẹ bá wá dúnàá-dúrà gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, onírinṣẹ́ á gba tiẹ̀ pé, ọmọ yẹn ló máa jẹ ìyà ohun tẹ́ ẹ bá já kúrò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦200,000 ni gbogbo ẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé ₦110,000 ni háyà, ₦20,000 ni owó ọkọ̀, ₦70,000 ni tòun. Ẹ san háyà àti owó ọkọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ wá fún un ní ₦70,000 ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó ká wáyà ẹ̀ tán, kì í ṣe "ó dọ̀la", kì í ṣe "wọn ò tíì san tiwa". Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sórí WhatsApp, pẹ̀lú iye iná tó ń kó bọ̀, aago tó máa dé, àti ẹni tó máa ra dísù.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i ńkọ́? Ẹ má sáré lọ sí Alábà, irinṣẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sọ̀rọ̀, ẹ̀ka mídíà wọn láwọn ọ̀dọ́ tó ń tan iná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tún lè béèrè ní ẹ̀ka tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn, OAU tàbí LASU. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ lọ síbi tí bándì míì ti ń ṣeré, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wo ẹni tó wà nídìí bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń darí iná. Tó bá jẹ́ fóònù ló ń tẹ̀, ẹ máa lọ.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé jùjú yàtọ̀. Orin wa ò níbi kan pàtó tó ti ń parí, adarí lè rí olóyè tó ń wọlé, kó yí orin padà lójú ẹsẹ̀, kó nawọ́ sí onígángan, gìtá á dákẹ́, ìlù nìkan á máa sọ̀rọ̀. Oníláìtì tó ti to gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà látilé á ṣì máa tan iná sójú onígìtá, onígángan tó ń ki olóyè á sì wà nínú òkùnkùn, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i! Ẹ pè é wá sí ríhásà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kó mọ bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ bá àwọn bọ́ìs yín sọ̀rọ̀.

Ríhásà yẹn náà lẹ ti máa dán an wò. Kó tan iná sí yín lójú, kẹ́nì kan fi fóònù ya fídíò. Àwọn iná LED olówó pọ́ọ́kú kan máa ń ṣẹ́jú nínú kámẹ́rà, ojú lásán ò ní rí i, inú fídíò ni ìlà dúdúdúdú á ti máa sáré kọjá. Ẹ wo àwọ̀ ara náà. Tó bá jẹ́ búlúù tàbí gíríìnì nìkan ló wà níwájú, ojú àwa èèyàn dúdú kì í hàn dáadáa, iná tó pọ́n díẹ̀ bí àwọ̀ ọsàn ló yẹ kó wá látiwájú, kí búlúù wà lẹ́yìn. Oníláìtì gidi á ti sọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó bi í.

Ẹ tún bi í léèrè iye wáàtì. PAR àtijọ́, ìyẹn iná orí ìtàgé tó rí bí agolo, ẹyọ kan lè jẹ 1,000 wáàtì, mẹ́jọ ẹ̀ ti di 8,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ò lè gbé ju nǹkan bí 2,800 lọ. Ọ̀pọ̀ PAR tó jẹ́ LED ò tó 200, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ èéfín nìkan lè jẹ 1,500 tó bá ń gbóná lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí láìtì àti sáúǹdì wà lójú wáyà kan náà, dímà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín iná kù, máa ń gbé ariwo wọnú spíkà.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń ṣe láìtì fún bándì kan ní Ìkòròdú, wọ́n jẹ mí ní ₦85,000 láti Àjíǹde, tí mo bá ti pè, "sístà, ẹ ní sùúrù" ni. Kí ni kí n ṣe? (Sístà Oníláìtì)

Ìdáhùn: Sístà wa, ẹ pẹ̀lẹ́, kò yẹ kí wọ́n ṣe yín báyẹn. Ẹ kó gbogbo mẹ́sééjì tẹ́ ẹ jọ kọ síra yín jọ, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kan sí adarí wọn, iye owó, ọjọ́ òde, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó san. Tí ò bá san, Ìpínlẹ̀ Èkó ní kóòtù tó ń rí sí gbèsè kéékèèké lábẹ́ Májísíréètì láti 2018, gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ gba lọ́yà. Ẹ má ṣáà lọ paná mọ́ wọn lórí lójú agbo o, àwọn tó máa pè yín síṣẹ́ lọ́la ló jókòó síbẹ̀ yẹn.