Èsì: Nínú Vishnu àti Shiva, òrìṣà ẹ̀sìn Híńdù, ta ló ga jù?

Ẹ kú ìbéèrè o. Lọ́dọ̀ àwọn Smarta, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Híńdù ní Íńdíà, kò sẹ́ni tó ju ẹnì kan lọ, Brahman kan náà ni gbogbo wọn, ìyẹn òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ohun gbogbo.

Ẹ wo panchayatana, ìyẹn ìbọ òrìṣà márùn-ún, tí wọ́n máa ń ṣe: Shiva, Vishnu, Devi, Surya àti Ganesha, márààrún ni wọ́n ń bọ pa pọ̀, èyí tó bá wu oníkálukú ló máa gbé sáàárín, mẹ́rin tó kù á wà nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé kejì lè gbé Ganesha sáàárín ní tiẹ̀, kò síjà ńbẹ̀.

Àmọ́ Smarta nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Vaishnava, ìyẹn àwọn olùsìn Vishnu, ẹ rọra sọ ọ́ jàre, Vishnu tàbí Krishna (tí ọ̀pọ̀ kà sí Vishnu tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀) lọ̀gá pátápátá níbẹ̀, àwọn Shaiva, ìyẹn olùsìn Shiva, náà á ní rárá o, Shiva ni.