Ìrìn-àjò ẹbí sí àwọn àfonífojì aṣálẹ̀ Utah nínú oṣù kẹjọ

Ẹ kú ètò ìrìn-àjò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ìyàwó yín, àwọn ọmọ àti Màmá láti Houston lọ sí gúúsù Utah nínú oṣù kẹjọ, kí ẹ fi ọkọ̀ tí ẹ máa háyà gba ọ̀nà Hole-in-the-Rock dé àwọn àlàfo àpáta Peek-a-boo àti Spooky, kí ẹ sì tún gba ọ̀nà White Rim. Èmi àti ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ wa gba agbègbè náà, òjò sì ti ká wa mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún un sí oṣù kẹwàá.

Láti oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án ni òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá máa ń rọ̀ níbẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ ọ̀sán. Àpáta gbalasa ni ilẹ̀ náà, kì í mu omi, nítorí náà gbogbo ohun tó bá rọ̀ sórí òkè ló ń di àgbàrá tí ń ya wọ inú àwọn àlàfo tóóró wọ̀nyẹn. Òjò náà kò sì ní láti rọ̀ sórí yín kí ó tó pa yín lára. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá gbé àwọn arìnrìn-àjò 11 lọ nínú Lower Antelope Canyon, lẹ́bàá ìlú Page ní Arizona, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ máìlì síbẹ̀ ni òjò náà ti rọ̀. Spooky há débi pé apá ibì kan nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínǹṣì 10 lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni àgbàlagbà fi ń gba ibẹ̀ kọjá, tí yóò ti bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́wọ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú níbikíbi lókèèrè, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún.

Àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ló la ọ̀nà Hole-in-the-Rock lọ́dún 1879 sí 1880, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ní ọ̀dà. Nǹkan bí máìlì 26 ni ẹ ó rìn kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí àlàfo méjèèjì, ojú ilẹ̀ sì ní ìlà-ìlà bíi páànù orí ilé, tó ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Nígbà tí òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà náà, amọ̀ lẹ̀ mọ́ taya títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dí, ọkọ̀ wá ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pa ẹ́ńjìnnì, a sùn síbẹ̀, oòrùn ọjọ́ kejì ló gbẹ ilẹ̀ fún wa. Omi tí a gbé dání ló mú wa dúró: lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, pẹ̀lú ti ọjọ́ kan lé.

Òkúta mímú tún ya ẹ̀gbẹ́ taya wa níbòmíràn, irú rẹ̀ kò sì ṣeé lẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀sítírà taya àti jáàkì wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ yín pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà kò gbà kí ẹ gbé e kúrò lórí ọ̀dà. Ní ìlú Moab, ní Utah níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń fi jíìpù háyà fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní ti White Rim, n kò ní gbé Màmá gba ibẹ̀. Máìlì 100 ni, láìsí omi mímu, láìsí epo, ìwé àṣẹ sì di dandan láti ọ̀dọ̀ ọgbà ìjọba àpapọ̀ Canyonlands, tí ọ̀nà náà wà nínú rẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà Burr Trail ni kí ẹ gbé wọn gbà láti ìlú Boulder ti Utah. Ọ̀dà ló wà níbẹ̀ títí dé ààlà ọgbà Capitol Reef, ọ̀nà náà sì gba inú Long Canyon kọjá, níbi tí àpáta pupa ti ga sókè lọ́tùn-ún lósì, tí Màmá yóò sì máa wò ó láti orí ìjókòó wọn.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló fi yín sínú oṣù kẹjọ. Bí kò bá ṣeé yí padà, ẹ gbéra ní ìdájí kí ẹ sì ti jáde nínú àlàfo kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ẹ tó lọ, ẹ yà sí ọ́fíìsì àwọn àlejò ní Escalante, ìlú tó wà lẹ́bàá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Hole-in-the-Rock, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nítorí fóònù kì í gbé ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ yí mọ́tò sí Boulder.