Gáàsì àti bàtà tí mo rà ní pápákọ̀ òfurufú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ máa ní wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀ kí bàálù tó gbéra, pé ṣé ẹ lè ra ẹrù tẹ́ ẹ máa fi gun òkè níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹ rà wọ́n. Ẹ má ra bàtà, ẹ má sì ra gáàsì sítóòfù.

Èmi ra méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìta ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, kí èèyàn tó dé ibi àyẹ̀wò. Mo bi ọmọ tó ń tajà pé ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé agolo gáàsì sítóòfù wọlé, ó ní kò séwu. Báàgì mi wọnú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dúró. Ọ̀gá kan tó wọ ìbọ̀wọ́ búlúù fi ìka méjì gbé agolo náà bí ẹni gbé òkú eku, ó jù ú sínú ike, ló bá tún na ọwọ́ sí ọ̀pá ìrìn mi méjèèjì. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ fi wọ́n sínú báàgì tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ó ní ìyẹn ti lọ, àti pé gáàsì kì í wọ ibẹ̀ náà. Òótọ́ ló sọ: gáàsì sítóòfù ò gbọdọ̀ wọ bàálù rárá, ì báà ṣe lọ́wọ́, ì báà ṣe nísàlẹ̀. Àmọ́ abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti tà á fún mi! Mo sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun. Iṣẹ́ ta wá ni?

Bàtà yẹn ló wá fojú mi rí màbo. Mo jókòó wọ̀ ọ́, mo rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá lórí táìlì, mo sanwó. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń gbá iwájú bàtà. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lálẹ́, èékánná àtàǹpàkò òsì wà nínú rẹ̀.

Páwà báǹkì, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀. Tó bá ti ju 100 Wh lọ (ìwọ̀n iná tó lè gbà nìyẹn), ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni bàálù. Ọ̀bẹ àti ọ̀pá ìrìn, ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà, tẹ́ ẹ sì ra nǹkan olómi tó ju 100 ml lọ lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ má tú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ má sì sọ rìsíìtì nù. Síbẹ̀ náà, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò tó kàn. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, bóyá inú rẹ̀ dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àpò ìsùn tẹ́ ẹ béèrè, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rà á.

Gáàsì, ó di ibi tẹ́ ẹ bá balẹ̀ sí. Ẹ wo ẹnu agolo dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó: èyí tí wọ́n ń yí wọlé wà, èyí tí wọ́n ń gún nìkan wà. Ti sítóòfù yín ni kẹ́ ẹ rà.