Kì í Ṣe Gígùn Ọ̀pá Ìbọn Ni Ó Ń Mú Kí Ọta Ba Ibi Tí A Fojú Sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣùúrùlérè ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi ti jáde, mo sì ń lọ bá ìyàwó mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, kí ọdún yìí tó parí. Mo fẹ́ ra revolver kan, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí, tí a ó máa fi ṣọ́ ilé níbẹ̀, yálà èyí tí ń yin ọta .38 Special tàbí .357 Magnum tí ó lágbára jù ú lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú nítorí pé ọta rẹ̀ kì í lọ tààrà, ó ní 8 ínǹṣì ni kí n wá. Ẹlòmíràn sì ní òun lè bá mi gba ìwé àṣẹ tí n ó fi máa lò ó nígbà tí mo bá wá sí Èkó. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ọ̀pá náà gùn tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yẹn ṣáájú, nítorí òun ni ó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1959, ka revolver mọ́ àwọn ìbọn tí a fòfin dè. Àṣẹ láti ọwọ́ Ààrẹ nìkan ni ó lè fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní in lọ́wọ́, ìjìyà ẹni tí ó bá sì rú òfin náà kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹni tí ó bá ní òun ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀ṣòdì tàbí lórí fóònù, gbájúẹ̀ ni. Ó dùn mí púpọ̀ bí mo ti ń rí àwọn tí wọ́n ti fi owó iyebíye ra bébà tí yóò sọ wọ́n di ọ̀daràn. Ìbọn tí ẹ bá rà ní Texas, Texas ni kí ó máa gbé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìbọn lọ́wọ́ mi ni ó gbà á gbọ́. Mo rò pé ara ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ni wọ́n ti mú un. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán ni, kò ní ìlà kankan, ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ sì ń fẹ́ àyè gígùn kí agbára rẹ̀ tó lè pé sára ọta. Revolver kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ìlà tí ó lọ́ sínú ọ̀pá rẹ̀, àwọn ìlà wọ̀nyí ni wọ́n sì ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó ti ń jáde, kí ó má baà takìtì lójú afẹ́fẹ́. Àwọn ènìyàn wá rò pé bí ọ̀pá bá ti gùn tó ni ọta yóò ti yí tó, wọn kò sì bi ara wọn léèrè pé ìgbà mélòó ni ó ń yí kí ó tó jáde. Nínú revolver .38 àti .357 tí Smith & Wesson ń ṣe, 18.75 ínǹṣì ni ìlà náà máa ń gbà kí ó tó lọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ọta kì í yí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀pá 2 ínǹṣì, kì í sì í yí pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ti 8 ínǹṣì tí ọ̀rẹ́ yín ń yìn. Bí ìlà ṣe lọ́ sí àti bí ọta ṣe ń sáré tó ni ó ń pinnu bí yóò ṣe máa yí lẹ́yìn tí ó bá ti jáde, ìlà kan náà ni ó sì wà nínú méjèèjì. Bí a bá de revolver 2 ínǹṣì àti ti 6 ínǹṣì tí wọ́n ṣe dáadáa mọ́ fáìsì orí tábìlì, ìyẹn irin tí ń di nǹkan mú ṣinṣin, kí ọwọ́ ènìyàn má baà gbọ̀n wọ́n, ihò tí ti kúkúrú yóò lu sára bébà lè sún mọ́ra bíi ti gígùn.

Kí ni ó wá dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe dáadáa sí i pẹ̀lú ti gígùn? Àmì ìfojúsùn kan wà lẹ́nu ìbọn, òmíràn wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ni ẹ ó sì to méjèèjì sórí ìlà kan. Bí àlàfo àárín wọn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ti iwájú sì fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 10 ṣìnà lára ohun tí ó wà ní mítà 10. Bí àlàfo náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, sẹ̀ǹtímítà 5 ni yóò fi ṣìnà. Àṣìṣe tiyín ni ọ̀pá gígùn ń dín kù, kò fi nǹkan kan kún ìbọn fúnra rẹ̀. Nínú yàrá tí kò ju mítà 5 lọ, ìyàtọ̀ náà kéré. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ni pé wọ́n ń já tírígà gbà dípò kí wọ́n rọra fà á, kò sì sí ọ̀pá tí ó gùn tó láti wo àrùn yẹn.

Lóòótọ́, ọ̀pá gígùn ń fi kún eré ọta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún náà ń dín kù bí ọ̀pá ti ń gùn sí i. Èyí kan .357 Magnum ju .38 Special lọ: bí ẹ bá yìn ín láti inú ọ̀pá 2 ínǹṣì, púpọ̀ nínú agbára ẹ̀tù yóò di iná àti ariwo lẹ́nu ìbọn.

Fún ṣíṣọ́ ilé, 4 ínǹṣì ni èmi yóò ní kí ẹ rà, a sì ń wọ̀n ọ́n láti iwájú ilé ọta tí ń yí dé ẹnu. Ti 2 ínǹṣì wà fún ẹni tí ó ń gbé ìbọn mọ́ra lábẹ́ aṣọ. Ó máa ń ta sẹ́yìn gan-an, ọ̀pá kékeré tí ń ti ìkarahun ọta jáde sì kúrú lára rẹ̀, débi pé ìkarahun .357 lè má jáde tán. Ti 6 ínǹṣì dára níbi ìdíje. Ní ti 8 ínǹṣì, ọdẹ ni ó ni ín. Nínú òdẹ̀dẹ̀ tóóró yóò máa gbá ògiri, yóò sì wúwo lẹ́nu. Èyí tí ó wù kí ẹ rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìka yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàrin ilé ọta àti ọ̀pá, nítorí ibẹ̀ ni èéfín gbígbóná ti ń tú jáde.

N kò rí ọwọ́ yín, nítorí náà ìmọ̀ràn yìí kò lè dípò olùkọ́ tí yóò dúró tì yín. Agbẹjọ́rò tí ó wà ní Texas ni kí ẹ bi nípa òfin ibẹ̀. Bí ọmọdé bá wà nínú ilé, ẹ ra àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó ra ìbọn rárá.

Àwọn ibi ìdánrawò ìbọn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yá ènìyàn ní ìbọn lò. Ẹ yá .357 oní-4 ínǹṣì àti ti 6 ínǹṣì, ṣùgbọ́n ọta .38 Special ni kí ẹ fi sínú wọn. Ìbọn .357 lè yìn ín. Ẹ má ṣe gbìyànjú òdìkejì rẹ̀ láé, ìyẹn ni kí ẹ fi ọta .357 sínú ìbọn .38. Níwọ̀n bí ẹ ti ní «a ó máa fi ṣọ́ ilé», ẹ mú ìyàwó yín dání kí òun náà yìn ín, kí ẹ sì ra èyí tí ihò rẹ̀ bá sún mọ́ra jù lára bébà tiyín àti tirẹ̀.