Àyájọ́ kì í ṣe "ayọ̀ ọjọ́", ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín

Ọmọ àdúgbò wa kan níbí n'Íléṣà ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ní ọdún kẹwàá tí bàbá àwọn kú ti ń sún mọ́lé, àwọn fẹ́ tẹ káàdì, òun wá kọ "Àyájọ́ ọdún kẹwàá" sí i lórí, ni ẹ̀gbọ́n òun obìnrin bá yarí pé òun gbọ́ lórí rédíò pé "ayọ̀ ọjọ́" ló di àyájọ́, pé èèwọ̀ ni kéèyàn lò ó fún ọjọ́ ikú, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló wà fún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Kí la máa wá kọ?"

Èmi náà gbọ́ ètò yẹn o. Díẹ̀ ló kù kí n sọ rédíò mọ́ ògiri. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún ń fọ́nnu, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń pè wọlé wọ́n ń kí i kú làákàyè, kò sì sẹ́nì kan tó ní kó pe ọ̀rọ̀ náà síta kó gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹ pè é. Àyájọ́: dò mí mí. Ẹ wá pe ayọ̀: re dò. Àti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti yapa. Ká tiẹ̀ ní a lẹ ayọ̀ àti ọjọ́ pọ̀ bí ẹnu wa ṣe máa ń lẹ ọ̀rọ̀, ọ̀nà yòówù kó gbà, ọ tó wà nínú ayọ̀ ò ní sùn kó jí kó di á. Nǹkan tí tíṣà kíláàsì kẹrin ń kọ́ wa nígbà yẹn nìyí.

Ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Àyálò ńkọ́? Rédíò tí wọ́n fi ń tan irọ́ kiri yẹn, ọ̀rọ̀ àyálò ni, káàdì tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ náà, àyálò ni, ohun tí a yá tí a ń lò. À-yá-lò. Báyìí náà ni à-yá-ọjọ́, ọjọ́ tí a yá, ọ tó wà níwájú ọjọ́ sì jábọ́ bí o ti owó ṣe ń jábọ́ tí a bá ní a lọ yáwó. Kò le rárá. Àwọn kan á ní yá ti "ó yá, ká lọ" ni, mi ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí.

Ẹ ó wá bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń yá ọjọ́. Kí àyájọ́ tó débi káàdì àti àsíá, ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo, àwọn adáhunṣe àti àwọn ọdẹ ni. Ó wà lára ohùn tí wọ́n fi ń ṣe agbára, pẹ̀lú ọfọ̀ àti ògèdè. Ohun tó mú àyájọ́ dá yàtọ̀ ni pé ìtàn ló máa ń sọ. Ẹni tó ń pè é á padà lọ sí ọjọ́ àkọ́kọ́, á sọ ẹni tó bọ́ sínú wàhálà lọ́jọ́ náà, ohun tó ṣe, bó ṣe ja àjàbọ́, á wá ní bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ni kó rí fún òun lónìí. Ọjọ́ ọlọ́jọ́ ló lọ yá. Bí kò bá mọ ìtàn ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán ló ń là.

Bàbá bàbá mi ló jẹ́ kó yé mi, òun kì í sì í ṣe babaláwo. Òṣómàáló ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé oríkì Ìjẹ̀ṣà lásán ni. Aṣọ ni wọ́n máa ń gbé kiri, dé Èkìtì, dé Oǹdó, dé ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dá ọjọ́, tọ́jọ́ bá pé tí onígbèsè ò bá sanwó, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló níbẹ̀ títí àwọn á fi gba owó àwọn. Bàbá àgbà ò ní kàlẹ́ńdà, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń jù sínú àpò, ọjà kan òkúta kan. Àmọ́ ohun tó máa ń ṣe tó bá dé ilé onígbèsè ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, torí ó mú mi dání nígbà mélòó kan kó tó ṣíwọ́ òwò. Kò ní pariwo. Á ló òṣó sẹ́nu ọ̀nà, á kí wọn dáadáa, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí, òjò ń bọ̀, ìyá ẹ ló ní kí n gbé ẹrù mi wọlé. Aláwọ̀ aró lo kọ́kọ́ mú, o ní ó ti dúdú jù. Ìyàwó ẹ yọjú látẹ̀yìn ilé, ó rí ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. O ní torí ẹ̀rín yẹn, o máa rà á." Gbogbo ilé á dákẹ́. Nígbà tó bá fi débi tí ọkùnrin yẹn fẹnu ara ẹ̀ dá ọjọ́, ẹlòmíì á ti wọ yàrá lọ wá owó. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tó ń rojọ́ tó tó báyìí torí owó aṣọ. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn ni mo gbé wá fún un. Owó mi wà nínú ẹ̀."

Mi ò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé àyájọ́ tó yé mi tó ìyẹn.

Ẹ sì wo bí a ṣe ń ka ọjọ́. Ọrún, ọjọ́ márùn-ún là ń pè é, lójú òyìnbó ọjọ́ mẹ́rin ni, torí kò ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àwa ń kà á mọ́ ọn. Wọ́n ní bí òní ṣe rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa ń dífá lọ́rọọrún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò kúrò nínú ẹ̀ rí.

Àwọn olóṣèlú pàápàá mọ ọjọ́ yá ju àwa lọ. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1985 ni Babangida gbàjọba. Nígbà tó fẹ́ dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ́dún 1991, tí Ọ̀ṣun tiwa fi jáde lára Ọ̀yọ́, ọjọ́ wo ló mú? 27 oṣù kẹjọ náà ni. Ṣé ọjọ́ ti tán nínú ọdún ni? Lójú tèmi, ọjọ́ ara ẹ̀ ló lọ yá, kó jẹ́ pé bí a bá ń yọ̀ fún Ọ̀ṣun a ó máa rántí ọjọ́ tí òun gorí àga. 1 oṣù kẹwàá náà ńkọ́, òmìnira ní 1960, orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1963, àwọn ológun gbé ìjọba fún Shagari ní 1979, àyá-tún-yá ni gbogbo ẹ̀.

27 oṣù kẹjọ yẹn kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ará Zanzibar jagun lọ́dún 1896, ogun tí ò pé wákàtí kan. Gbogbo ẹni tó ń pín "ọjọ́ òní nínú ìtàn" kiri lórí fóònù ló mọ ìyẹn. Ó dáa. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Wọ́n á ní ọjọ́ náà ni wọ́n rí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune láti Berlin lọ́dún 1846, ọjọ́ náà ni Sáúdì di ìjọba kan ṣoṣo ní 1932, ẹni tó bá gbìyànjú á fi kún un pé ọjọ́ náà ni wọ́n dá Akwa Ibom àti Katsina sílẹ̀ ní 1987. Wọ́n ti parí nìyẹn. Ọmọ Iléṣà ló tún ń fi ránṣẹ́ sí mi! 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n parí ìjà Kírìjì, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì pẹ̀lú Ògèdèǹgbé tiwa níwájú, ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti 1877, tí ìbọn ńlá ń dún kírìjì kírìjì lórí òkè láàárín Ìgbájọ àti Ìmèsí-Ilé títí ìró ẹ̀ fi di orúkọ ẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó níbẹ̀ lọ́dún 1885, kò rí òpin ẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé tán, àwọn ọmọ ogun ò tún tú ká, ó di 1893 kí kálukú tó gba ilé lọ. Ẹ wọ ọjà Àtàkúnmọ̀sà lónìí kẹ́ ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní 23 oṣù kẹsàn-án, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró káwọn bi Google. Ìyá bàbá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún yín pé ọdún tí ọ̀sán dòru ni òun bí bàbá mi, ìyẹn 1947 tí òṣùpá dí oòrùn lójú, á sì sọ ohun tó ń sè lórí iná lọ́jọ́ náà fún yín.

Ẹ jẹ́ n padà sórí káàdì. Ọmọ mi, kọ àyájọ́ sí i, kọ ọ́ gàdàgbà. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ọjọ́ tó dùn là ń yá, ọjọ́ tó korò náà là ń yá. Tó bá ṣe ìrántí ló wù ú kó kọ, kò burú náà, ayẹyẹ nìkan ni kó yọ kúrò, ìyẹn ti jíjẹ mímu ni. Bí ẹ bá fẹ́ kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọrún, ọdún kọkànlá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ, ṣùgbọ́n ìjà kan tó fún ilé kan, ẹ fi kẹwàá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ bá fún ní makirofóònù lọ́jọ́ náà, kó má wulẹ̀ ka ọdún tí wọ́n bí bàbá yín àti ọdún tó kú kó jókòó o. Kó sọ ọjọ́ náà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ohun tó bèèrè láàárọ̀. Èmi wà níbẹ̀, ẹ̀kọ tútù ló bèèrè. Bí kò bá sẹ́lòmíì tó máa sọ ọ́, ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún mi lápá iwájú.